Láti Abẹ́ Àpáta dé Orí Rẹ̀: Ìtàn Gígun Olúmọ, àti Bí Ibi Gíga Ṣe Dé Lẹ́kkí

Ilẹ̀ Lẹ́kkí Phase 1 tẹ́jú pẹrẹsẹ. Láti Admiralty Way títí dé etí ọ̀sà, kò sí ibi tí ilẹ̀ gbérí débi tí ẹsẹ̀ ènìyàn yóò fi mọ̀ ọ́n lára pé òun ń gòkè. Yanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Òkun àti ọ̀sà ló kó apá kan jọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀rọ ló fa ìyókù jáde láti ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n fi dí àbàtà kí ilé tó lè dúró. Bí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹfà, omi a máa dúró lójú títì, nítorí pé kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò bá sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ níbẹ̀ lè pé ọdún mẹ́wàá kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí òkè. Èyí tí irú wọn sábà máa ń kọ́kọ́ rí, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kó wọn jáde, ni Olúmọ ní Abẹ́òkúta, tí kò fi púpọ̀ ju 100 kìlómítà lọ sí wọn. Bí àwọn ènìyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun àpáta yẹn ni ìtàn yìí dá lé. Ó kan etíkun Lẹ́kkí náà, ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Ìyàtọ̀ láàrin ilẹ̀ méjèèjì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibẹ̀ dó. Abẹ́òkúta jókòó lórí gíránáìtì tí ó gbóná yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí ó sì tutù tí ó dì, ní ohun tí ó lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn wá ń fọ ilẹ̀ tí ó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí òkúta fi yọ síta. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, òkúta àtayébáyé yìí ń rì, amọ̀ àti yanrìn sì ń nípọn sí i lórí rẹ̀. Nígbà tí a ó bá fi dé etí òkun, ó ti wọlẹ̀ lọ kọjá ibi tí ojú lè tó. Àwọn ìwé máa ń kọ ọ́ pé Olúmọ ga ní 137 mítà. Láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ àpáta náà ní Ìkìjà kò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé téńté.

Abẹ́ ni wọ́n sá sí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé orí Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá gùn lọ nígbà tí ogun ń lé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Gígun àpáta náà fún ìgbádùn, kí ènìyàn dé orí rẹ̀ kí ó sì wo ìlú, jẹ́ ohun tí ó dé lẹ́yìn, ìtàn méjèèjì kò sì yẹ kó dàrú mọ́ra wọn.

Ṣáájú 1830, inú igbó ni àwọn Ẹ̀gbá wà, ní ìlú kéékèèké tí ó fọ́n ká sórí ilẹ̀ tí ó lọ láti àgbègbè Ìbàdàn òde òní sí ìhà Ìjẹ̀bú. Aké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá ni ìpín wọn mẹ́ta, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní olórí àti Ògbóni tirẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà títí di apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Lísàbí ló já wọn gbà. Àáró ni ó fi bo ète rẹ̀ mọ́lẹ̀: ojú tí ó ń wo àwọn àgbẹ̀ tí ń bá ara wọn ro oko kò rí ọmọ ogun tí ń múra sílẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n dìde tí wọ́n pa àwọn ìlàrí tí Aláàfin fi sí ìlú wọn. Òmìnira náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí ogun Òwu parí ní àwọn ọdún 1820, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, kò túká. Wọ́n yíjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àìní olórí kan ṣoṣo ló pa Ẹ̀gbá lára jù lọ nígbà náà. Bí ìlú kan ti ń jó, èyí tí ó múlé gbè é ń wò ó.

Àwọn tí ó ṣẹ́kù kó jọ sí Ìbàdàn, tí ó ti jẹ́ ìletò Ẹ̀gbá Gbágùrá kí ó tó di ibùdó ogun. Àwọn tí ó fọ́ ìlú wọn ni wọ́n wá ń bá gbé, ìjà kò sì tán láàrin wọn. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, jagunjagun ọmọ Ìpóró, kó wọn jáde gba ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ sí ibi kan nítòsí odò Ògùn tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ Ìtòkò ti mọ̀ dáadáa. Oko Adágbá ni wọ́n ń pe ibẹ̀, láti orúkọ àgbẹ̀ tí ó ní oko níbẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn ọdẹ ti ń sùn nínú ihò abẹ́ Olúmọ kí ogunlọ́gọ̀ náà tó dé.

Ibi tí wọ́n yàn yẹ ẹni tí ogun ń lé. Odò kò jìnnà, àpáta sì pọ̀ káàkiri débi pé ẹlẹ́ṣin kò lè rí ibi sáré tó bó ṣe fẹ́. Ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọ̀lú, kò ju ìrìn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan tún tẹ̀ dó lọ́tọ̀, Aké ní tirẹ̀, Igbẹ́in ní tirẹ̀, Kéǹta ní tirẹ̀, wọ́n sì mú orúkọ àti oyè àtijọ́ wọn wá. Àwọn ará Òwu tí ó ṣẹ́kù wá dara pọ̀ mọ́ wọn ní nǹkan bí 1834. Ìdí nìyí tí Abẹ́òkúta fi dà bí ọ̀pọ̀ ìlú nínú ìlú kan ṣoṣo títí di òní.

Ihò tí ó wà lábẹ́ Olúmọ ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. Òrùlé rẹ̀ kò ga. Ènìyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Inú rẹ̀ pín sí bíi yàrá márùn-ún. Lára òkúta ilẹ̀ rẹ̀ ni àwọn kòtò kéékèèké wà, tí a sọ pé àwọn obìnrin ń lọ ata àti ọkà nínú wọn. Kòtò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó sá wọ inú ihò fún wákàtí díẹ̀ kì í lọ ata, nítorí náà a lè gbà pé àwọn kan gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò náà kò lè gba gbogbo Ẹ̀gbá láé. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé ní àwọn ọdún 1840, nǹkan bí 50,000 ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fojú díwọ̀n pé ó wà nínú ìlú. Ó tọ́ kí a ka ìtàn ibi ìsádi náà sí ìtàn àwọn oṣù àkọ́kọ́ àti ti ìdílé díẹ̀, ọmọdé, arúgbó àti aláboyún, kí ilé tó wà àti kí odi tó dìde yí ìlú ká. Èyí kò dín iyì Olúmọ kù lójú mi. Bí ìyókù ìlú tilẹ̀ ń sùn lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo wọn mọ ibi tí wọn yóò kó ọmọ sí bí aago bá lù.

Orí rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀

Àwọn tí ó ń gun Olúmọ lọ sókè nígbà ogun kò pọ̀. Alóre ni wọ́n. Láti téńté àpáta náà, ojú ń tó odò Ògùn àti ọ̀nà tí ó wá láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, eruku ọmọ ogun a sì máa hàn kí ìró ìlù wọn tó dé. Iṣẹ́ sì wà fún wọn. Àwọn Ìjẹ̀bú gbógun wá, wọ́n sì fìdí rẹmi ní Òwíwí ní 1832. Ìbàdàn náà wá, a lé wọn padà ní Arákángà ní 1834.

Ogun tí ó le jù lọ ni ti Dàhòmì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1851, John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dé Abẹ́òkúta, ó sì kìlọ̀ pé Gezo, ọba Dàhòmì, ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún náà ni ó dé lóòótọ́, pẹ̀lú ọmọ ogun rẹpẹtẹ, àwọn obìnrin ajagun rẹ̀ sì wà níwájú. Ìhà ibodè Àró ni ogun ti gbóná. Àwọn ajíhìnrere Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà. Crowther tilẹ̀ kọ̀wé nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dàhòmì ti ń sá padà gba ọ̀nà Ìṣàgá, òkú wọn sì sùn lọ rẹrẹ lẹ́yìn odi. Ọba Glele, ọmọ Gezo, tún wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta 1864. Òun náà kò rí ìlú wọ̀.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣàkíyèsí ohun tí ó gba ìlú là lẹ́ẹ̀mejèèjì. Odi amọ̀ àti yàrà, ìbọn, àti àwọn Ológun tí ó ti kọ́ láti jà pọ̀ ni. Ní 1851 kò sí ẹni tí ó tún ń sá wọ ihò. Síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn ni iyì Olúmọ pọ̀ sí i. Àwọn onígbàgbọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run wọn, àwọn tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìlú sì bọ Olúmọ, nítorí pé lójú wọn òun ló kọ́kọ́ gbà wọ́n, òun náà ló sì tún gbà wọ́n. Ojúbọ rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ àpáta, ìbọ ọdọọdún rẹ̀ sì kan Aláké, ọba Ẹ̀gbá, àti gbogbo ìlú. Àwọn ìyá olóòṣà tí wọ́n ń gbé ẹ̀bá àpáta náà ti pa ibẹ̀ mọ́ láti ìran dé ìran. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ń lọ sí Olúmọ ń lọ bọ ọ́ ni, tàbí ó ń lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ.

Ojú àlejò

Láti 1842 ni àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù kejìlá ọdún náà, Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, tẹ̀ lé e ní oṣù kìn-ín-ní 1843, ó sì padà wá ní oṣù kẹjọ 1846 pẹ̀lú Crowther. Àwọn Sàró, ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n sì ti gbé Freetown, ti ṣáájú wọn dé. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí òkè, nítorí abẹ́ òkè ni Freetown wà. Ní 1859 Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, àti Martin Delany láti Amẹ́ríkà dé Abẹ́òkúta. Ní ìparí ọdún náà wọ́n bá Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀ dó níbẹ̀. Àdéhùn náà kò bímọ. Richard Burton wá ní 1861, ó sì tẹ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1863.

Irú àlejò báyìí ló mú ojú mìíràn wá bá àpáta. Ní Bìrìtìkó nígbà náà, àwọn ará ìlú ti ń gun òkè fún afẹ́fẹ́ àti fún ohun tí ojú lè rí. Arthur's Seat, òkè tí ó wà nínú ìlú Edinburgh gan-an, jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo wọn mọ̀. Ẹni tí ó ti bá irú àṣà bẹ́ẹ̀ dàgbà, bí ó bá rí àpáta nínú ìlú, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí wọ́n ń gbà gùn ún. Ẹ̀gbá kò béèrè bẹ́ẹ̀. Òun mọ ẹni tí ó yẹ kí ó gùn ún, àti ọjọ́ tí ó yẹ.

Ní Ìbàdàn ni a ti rí ìyípadà yìí kedere jù. Ìlú yẹn náà ní òkè tí ó ti jẹ́ ibi ìsádi: Òkè Ìbàdàn, níbi tí ìtàn ti sọ pé Lágelú, ẹni tí ó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá sí, tí wọ́n jẹ òro àti ìgbín kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tún ìlú tẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lo òkè fún ohun mìíràn, pé kí ojú gbogbo ìlú lè rí àṣẹ. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Màpó sórí òkè Màpó, wọ́n sì ṣí i ní 1929. Ní 1936 wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kan sórí Òkè Àrẹ̀ ní ìrántí Captain Robert Lister Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan náà tí ó fi àgbá fọ́ Ọ̀yọ́ ní oṣù kọkànlá 1895. Gíga rẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sí yàrá ìsùn nínú rẹ̀, kò sí ọ́fíìsì. Àtẹ̀gùn tí ó yípo dé òkè nìkan ni. Àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́ ní Láyípo, wọ́n sì fi orúkọ Bower sílẹ̀ fún ìwé. Bí mo bá ní láti tọ́ka sí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kọ́ kìkì kí ènìyàn lè gùn ún wo ìlú, èyí ni n ó tọ́ka sí.

Òkúta tí ó lọ sí etíkun

Ọ̀nà mìíràn wà tí gíránáìtì Abẹ́òkúta fi kan Èkó, àwọn tí ó ń gun Olúmọ lónìí kò sì sábà mọ̀ ọ́n. Ní 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, ó sì gba ẹ̀bá Abẹ́òkúta kọjá ní Àró, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀ tí kò parí títí di 1914. Ní ìgbà náà ẹnu ọ̀sà Èkó kò jinlẹ̀. Òkìtì yanrìn dí i, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé, wọ́n sì ní láti já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré kó tó dé èbúté. Ìjọba pinnu láti na ògiri òkúta méjì wọ inú òkun, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, kí omi lè máa fi agbára gba àárín wọn kó yanrìn lọ. Ní 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ti ìlà-oòrùn. Èkó kò ní òkúta. Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o wá.

Ẹnu ọ̀sà jinlẹ̀, èbúté Àpápá sì di ohun tí ó dà. Ṣùgbọ́n omi etíkun wa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìdáwọ́ dúró. Ògiri náà dá yanrìn dúró sí apá kan. Etíkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ń fẹ̀ sí i, ti ìlà-oòrùn kò sì rí yanrìn tuntun gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Victoria Island lẹ́nu. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún, ilẹ̀ tí ó bá omi lọ ní Bar Beach lé ní kìlómítà kan ní fífẹ̀. Ìjọba kó yanrìn dà síbẹ̀ léraléra, òkun sì ń kó o lọ. Ìyọnu náà ń sún sí ìlà-oòrùn, ó ń dé etíkun Lẹ́kkí títí dé Òkun Alfa, níbi tí ilé àwọn apẹja ti wó sínú omi. Ohun tí wọ́n fi ń dá a dúró náà tún ni òkúta: ògiri ńlá Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí ibi tí Bar Beach wà, àti àwọn ògiri kúkúrú tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó nà wọ inú òkun láti ìhà Goshen lọ sí iwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé gbogbo gíránáìtì tí ènìyàn lè rí ní etíkun Lẹ́kkí wá síbẹ̀.

Àtẹ̀gùn, tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ agbéniròkè

Ní oṣù kejì 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni Olúmọ di ibi ìgbafẹ́ ìjọba. Láti ìgbà náà ni ẹnubodè ti wà, tí a ń gba owó ìwọlé, tí amọ̀nà sì ń ṣàlàyé fún àlejò. Ìjọba Gómìnà Gbénga Daniel tún ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì ṣí i ní 2006 pẹ̀lú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ilé oúnjẹ, àtẹ̀gùn bí 120, àti ẹ̀rọ agbéniròkè onígíláàsì lára àpáta. Àwọn kan bínú sí ẹ̀rọ yẹn, pé ó ba ojú àpáta jẹ́. Èmi gbà pé àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìlú rẹ̀ láti òkè.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá kì í wọ ẹ̀rọ. Ọ̀nà àtijọ́ gba ẹnu ihò kọjá, lẹ́yìn náà ó wọ àárín àpáta méjì tí ó fún mọ́ra, níbi tí ẹni tí ó sanra ní láti fẹ̀gbẹ́ wọlé. Àwọn ibi kan wà tí wọ́n gbẹ́ òkúta díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀. Igi hù láti inú òkúta láìsí ilẹ̀ tí ojú rí. Nígbà tí ènìyàn bá yọ sókè, òrùlé páànù tí ó ti dípata ló kọ́kọ́ ń kí i, tí ó tẹ́ lọ láti Ìkìjà dé Aké. Ilé ìṣọ́ ìjọ Peteru Mímọ́ ní Aké hàn, mọ́sáláṣí ńlá ní Kóbìtì hàn, odò Ògùn sì ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí sí ìlú náà ní 1934, kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981, ìwé náà sì mú kí ọ̀pọ̀ àlejò láti òkè òkun mọ àgbègbè yìí kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sábà máa ń yà sí ọjà Ìtòkú ra àdìrẹ. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ mọ àlejò Olúmọ láti òkèèrè: bàtà kánfáàsì, ìgò omi lọ́wọ́.

Lẹ́kkí kọ́ gíga tirẹ̀

Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki ní Èkó fi katakata wó Marókò, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù tí ó wà láàrin Victoria Island àti ilẹ̀ Lẹ́kkí. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a lé jáde. Lára ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, òkun lè bò ó, ó sì yẹ kí a da yanrìn sí i. A dà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn ni a kó lọ sí Ìlàsàn àti Ìkọtà. Ní ilẹ̀ Marókò àti àyíká rẹ̀ ni ilé olówó ńlá ti dìde ní Oníru àti Lẹ́kkí Phase 1. Ilẹ̀ fi mítà díẹ̀ ga sí i, owó rẹ̀ sì fò sókè kọjá ibi tí ẹni tí ó ń gbé e tẹ́lẹ̀ lè nawọ́ sí.

Ní ọdún kan náà, níwájú díẹ̀ lójú ọ̀nà Àjáh, ni Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ṣí ọgbà ìdáàbòbò ẹ̀dá kan sí ilẹ̀ 78 hẹ́kítà. Ilé-iṣẹ́ Chevron, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí i, wà lára àwọn tí ó náwó sí i. Àbàtà àti igbó tí ó ti bo gbogbo agbègbè náà rí ni wọ́n dá dúró níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bọ, ọ̀nì, ìjàpá àti ẹyẹ. Ní 2015 wọ́n parí afárá orí igi kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 401 mítà, tí a ń pè ní èyí tí ó gùn jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Okùn irin ló so ó kọ́ láàrin àwọn òpó, ó ń mì bí ènìyàn ti ń rìn lórí rẹ̀, ibi tí ó ga jù lọ sì lé ní 20 mítà sí ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé orí igi tí ó wà nínú ọgbà náà, tí a ń fi àkàbà gùn. Láti ibi méjèèjì yìí, ojú ń rí orí igi, òrùlé ilé àti ìtànṣán òkun.

Àwọn ará Phase 1 fúnra wọn ní ibi gíga mìíràn tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Afárá tí ó so Lẹ́kkí mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2013, gùn ní 1.36 kìlómítà, ó sì ní ojú ọ̀nà fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Ní ìdájí, àwọn tí ń ṣeré ìdárayá ń sáré gòkè rẹ̀. Lójú ẹni tí ó ti gun Olúmọ rí, ìgòkè yẹn kéré. Òun náà ló wà fún wọn.

Láti oṣù kẹfà 2021, ọ̀nà sí Olúmọ ti rọrùn sí i pẹ̀lú ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Èbúté Mẹ́tta lè sọ̀ ní ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, kí ó sì bá takisí lọ sí Ìkìjà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣì ń lo bọ́ọ̀sì. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá fẹ́ parí, Èkó a máa kó ọmọ lọ wo Olúmọ, ìpínlẹ̀ Ògùn a sì máa kó tirẹ̀ wá wo òkun àti afárá orí igi ní Lẹ́kkí.